Ìdí ló ń gba rebound, ọwọ́ kàn ń gbé e ni

Lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 1983, ọmọ Yorùbá kan láti Èkó gba rebound 18 (ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù tí kò wọlé, tí èèyàn sì mú) nínú àṣekágbá ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àwọn yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Rebound kan ṣoṣo tó bọ́ mọ́ ikọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ níparí eré ló sì gbé ife lọ. Hakeem Olajuwon ni mò ń sọ, Akeem ni wọ́n ṣì ń kọ orúkọ rẹ̀ nígbà náà, University of Houston ló ń gbá a fún. 52 sí 52 ni ayò wà, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló kù. Dereck Whittenburg ti North Carolina State ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà tó tó mítà 9, bọ́ọ̀lù kúrú, kò dé irin apẹ̀rẹ̀. Lorenzo Charles tó wà lẹ́bàá apẹ̀rẹ̀ hán an lójú òfuurufú, ó tì í bọ inú àwọ̀n. 54 sí 52. Ó parí.

Àwọn kan á ní ìyẹn kì í ṣe rebound nítorí bọ́ọ̀lù ò kan irin. Rebound ni. Bí ẹnìkan bá ju bọ́ọ̀lù tí kò wọlé, tí ẹlòmíràn sì mú un, orúkọ ẹni tó mú un ni akọ̀wé ìṣirò máa kọ ọ́ sí, irin ì báà mì, kó má mì.

Wọ́n fún Olajuwon ní àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikọ̀ rẹ̀ ló fìdí rẹmi. Rebound 22 ló ti gbà nínú eré tó ṣáájú, èyí tí wọ́n fi na Louisville. Kò sẹ́ni tó lè bá a wí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún fídíò àṣekágbá yẹn wò, ẹ má wo bọ́ọ̀lù. Ẹ wo ibi tí Charles dúró sí, kí ẹ máa wá ọmọ Houston tó fi ara tì í. Ẹ ò ní rí i. Ojú gbogbo wọn wà lókè.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: iṣẹ́ rebound ti máa ń parí kí bọ́ọ̀lù tó kan irin. Gíga dára, fífò dára, àmọ́ ẹ lọ sí Berger l'Abuja ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wọ ọkọ̀ Kubwa. Àwọn tó máa rí ibi jókòó kì í wo ojú dẹ́rẹ́bà. Ibi tí ilẹ̀kùn máa dúró sí ni wọ́n ń wò, táyà ò tíì dúró tí wọ́n ti fi ẹ̀yìn sé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀gbẹ́ni gíga tó ń na ọwọ́ sókè kọjá orí gbogbo ayé, títì ló máa wà títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ẹ jẹ́ ká fẹ̀sọ̀ tú u wò. Bọ́ọ̀lù ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó jù ú. Kó tó kan irin, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí díẹ̀ lé ló máa gbà. Láàárín ìyẹn, ẹni tó ń ṣọ́lé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo èèyàn: ta ló sún mọ́ mi jù, apá ibo ló fẹ́ gbà kọjá? Lẹ́yìn náà ni kó gbé apá sí i láyà, láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, kí ara lè máa sọ ibi tí ẹni yẹn wà fún un nígbà tí ojú bá kúrò lára rẹ̀. Ìgbà yẹn ni yóò wá yí lórí ẹsẹ̀ kan, tí yóò kẹ̀yìn sí i, tí ìdí rẹ̀ yóò sì jókòó sórí itan ọ̀hún, lókè orúnkún gẹ́lẹ́. Box out ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀.

Ìdí yẹn ò gbọ́dọ̀ ga. Bó bá ga dé ìbàdí ẹni ẹ̀yìn, àwọn méjèèjì á kàn máa ti ara wọn síwá sẹ́yìn, ẹni tó bá wúwo jù ló máa borí. Bó bá sọ̀kalẹ̀ dé itan, ọ̀rọ̀ yí padà. Kò sẹ́ni tó lè fò láì kọ́kọ́ tẹ orúnkún, iwájú sì ni orúnkún ń tẹ̀ sí. Ibi tí orúnkún rẹ̀ fẹ́ gbà ni ìdí yín ti jókòó sí. Ẹni tó ga ju yín lọ ní orí kan gbáko á wá di ẹni tí kò lè kúrò nílẹ̀. Àwọn tó ń ja ìjàkadì nílé wa ti mọ èyí kí wọ́n tó ta pátákó kankan mọ́gi ní Nàìjíríà: ẹni tí ìbàdí rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ ló ń gbé ẹnìkejì ṣubú.

Ọwọ́ ńkọ́? Ẹ gbé e sókè dé ìwọ̀n etí, kí àtẹ́lẹwọ́ là, kí ìgúnpá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń rẹ ọwọ́ sílẹ̀ tí wọ́n á máa fi gbá itan ẹni ẹ̀yìn mú, rẹfirí kì í sì í pẹ́ rí i. Fífi ara kan ara nìkan ò sì tó. Ẹni tó sé ènìyàn mọ́ ẹ̀yìn, tó wá dúró gbagidi bí òpó iná títí bọ́ọ̀lù fi bọ́ sílẹ̀, ó ṣe ìdajì iṣẹ́. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kan irin, kó fi ẹni ẹ̀yìn sílẹ̀, kó lọ bá a. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni kó fi fò, nítorí ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ kan fò, gbígbún díẹ̀ báyìí, ó ti yà kúrò lọ́nà. Ọwọ́ méjèèjì ni kó fi gbà á. Bó bá bọ́ sílẹ̀, kí ẹsẹ̀ fẹ̀ ju èjìká lọ, kí bọ́ọ̀lù wà lábẹ́ àgbọ̀n, kí ìgúnpá ṣọ́ ọ lọ́tùn-ún lósì.

Abẹ́ àgbọ̀n yẹn ṣe pàtàkì o. Agbábọ́ọ̀lù gíga á ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí tán, á wá sọ bọ́ọ̀lù kalẹ̀ dé ìbàdí kó lè fò padà sókè dáadáa. Ọmọ tó kúrú jù lórí pápá ló máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó wà nísàlẹ̀, ilẹ̀ àwọn kúkúrú ló wà.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù lórí àwọn pápá wa ní Abuja níbí ni kí èèyàn lọ dúró sábẹ́ àwọ̀n. Àwọn ọmọ rò pé ibẹ̀ ló sún mọ́ bọ́ọ̀lù jù. Àmọ́ bọ́ọ̀lù tó bá kan ẹ̀yìn irin, orí ẹni tó wà lábẹ́ ló ń fò kọjá. Ohun kan ṣoṣo tó ń jábọ́ tààrà síbẹ̀ ni bọ́ọ̀lù tó ti wọlé. Ìlà róbótó kékeré kan wà lábẹ́ apẹ̀rẹ̀ tí FIBA, àjọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àgbáyé, fi ń pinnu ọ̀rọ̀ fáùlù ẹni tó ń já wọlé, mítà 1.25 ló fi jìnnà sí abẹ́ àárín irin. Iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n fà á fún, ṣùgbọ́n ó wúlò fún tiwa: bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ti wà nínú rẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì wà lókè, ẹ ti wọlé jù. Ọ̀pọ̀ pápá kọnkéré ni wọn ò kun ìlà yẹn sí. Ẹ fi bàtà wọ̀n ọ́n: bàtà mẹ́rin tó jẹ́ nọ́ńbà 44, tí gìgísẹ̀ ọ̀kan kan ọmọ ìka èkejì, láti abẹ́ àárín irin síta. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ á mọ ibẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ariwo "ó gun mi lẹ́yìn!" yẹn náà ti tó. Kò sí fáùlù tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé òfin, ti FIBA tàbí ti NCAA, àjọ eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Ohun tí rẹfirí ń wò ni pé, ǹjẹ́ ó tì í, àbí ó fi ara lé e, tí ẹni iwájú fi kúrò láyè rẹ̀? Bí ọlọ́wọ́ gígùn bá na ọwọ́ kọjá orí yín láì kàn yín, tó sì mú bọ́ọ̀lù lọ, ẹ̀yin lẹ ò sé e jìnnà tó.

Ibo ni bọ́ọ̀lù ń já sí? Èyí tí wọ́n jù láti kọ̀rọ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì ló máa ń bọ́ sí jù, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ń ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ tí kò sí bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ sinmi. Èyí tí wọ́n jù láti iwájú gangan, iwájú ló sábà ń padà sí. Jíjìn ń bí jíjìn: bọ́ọ̀lù onípọ́íǹtì mẹ́ta ń fò jìnnà ju èyí tí wọ́n jù nítòsí. Láti sáà 2019 sí 2020 ni ìlà pọ́íǹtì mẹ́ta àwọn ọkùnrin ní yunifásítì Amẹ́ríkà ti sún sẹ́yìn dé mítà 6.75 bíi ti FIBA, nítorí náà rebound púpọ̀ ló ń já sí ẹnu ìlà free throw (ibi tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ lẹ́yìn fáùlù) lónìí, lọ́wọ́ àwọn tó kúrú. Kóòṣì tó ṣì ń sọ pé àwọn gíga méjì nìkan ló ni rebound, ó ti pẹ́ lẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù tó bá lọ pẹrẹsẹ náà ń ta padà kíákíá ju èyí tó gòkè kó tó sọ̀kalẹ̀. Ẹ mọ ẹni tó ń jù ú, ẹ ó mọ ibi tí yóò já sí.

Àmọ́ ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni lọ́hùn-ún ò mọ kọnkéré tiwa. Nínú gbọ̀ngàn Moshood Abiola National Stadium, irin ní sípíríǹgì tó ń gba agbára bọ́ọ̀lù mọ́ra, dígí sì ni pátákó. Lóde, wẹ́dà ló jó irin mọ́ òpó, kò mì rárá, bọ́ọ̀lù tó bá kàn án á ta bí òkúta. Lórí irú irin bẹ́ẹ̀, ẹ fi ìṣísẹ̀ kan kún ibi tí ẹ ti ń dúró de bọ́ọ̀lù. Bí pátákó bá jẹ́ plywood tí òjò ti pa, ìdàkejì ni: òkú pátákó ni, bọ́ọ̀lù tó kàn án á já lulẹ̀ nítòsí. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ju bọ́ọ̀lù mẹ́wàá lu irin ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo bó ṣe ń ta. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn tó ń fi àsìkò yẹn ju ìjù àrà látàárín pápá, ojú ni wọ́n ń dùn.

Ọyẹ́ ní tiẹ̀ tún yàtọ̀. Láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì, eruku tó ń ti òkè Kano àti Maiduguri bọ̀ máa ń bo gbogbo pápá láti Zaria títí dé Gwagwalada. Eruku lórí bọ́ọ̀lù, eruku lábẹ́ bàtà, ọwọ́ sì ti gbẹ. Ẹni tó ń fi ọwọ́ kan já rebound lásìkò yìí, ìyà ló ń fi jẹ ara rẹ̀. Ẹ mú àkísà méjì dání, kí ẹ rẹ wọ́n sómi kí ẹ sì fún wọn: ọ̀kan fún bọ́ọ̀lù ní gbogbo ìsinmi, èkejì nílẹ̀ níwájú bẹ́ǹṣì tí àwọn agbábọ́ọ̀lù á fi máa nu àtẹ́lẹ̀ bàtà kí wọ́n tó wọlé. Bọ́ọ̀lù tó sun inú ọkọ̀ mọ́jú nínú òtútù ọyẹ́ á rọ̀ láàárọ̀, nítorí atẹ́gùn inú rẹ̀ ti sún kì. Bẹ́ẹ fẹ́ atẹ́gùn kún un láàárọ̀ títí tó fi le, tó bá di ọ̀sán tí oòrùn ti mú kọnkéré, á ti le jù, kò ní ṣe é mú. Wọ́n tẹ ìwọ̀n tó yẹ sára bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò atẹ́gùn, láàárín 7 sí 9 psi ló sábà máa ń wà. Ọ̀sán ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kì í ṣe àárọ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ àwọn akọni àtijọ́ àti iye tí wọ́n gbà, ibi tí àríyànjiyàn ti ń gbóná jù. Bill Chambers ti William & Mary gba rebound 51 nínú eré kan pẹ̀lú Virginia lọ́dún 1953. Lọ́dún yẹn kan náà, Walt Dukes ti Seton Hall gba 734 ní sáà kan. Tom Gola ti La Salle gba 2,201 láàárín ọdún mẹ́rin, 1951 sí 1955. Kò sẹ́ni tó tíì débẹ̀ láti ìgbà náà, n kò sì rò pé ẹnì kan máa débẹ̀. Ṣé àwọn yẹn wá dára ju ti òní lọ ni? Wọ́n dára. Àmọ́ bọ́ọ̀lù tí kò wọlé pọ̀ nígbà yẹn ju tòní lọ fíìfíì, níbi tí ìjù burúkú bá sì ti pọ̀, rebound á pọ̀. Àwọn oníṣirò náà sì ya ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn 1973 sọ́tọ̀. Nínú ti lẹ́yìn 1973, Tim Duncan ti Wake Forest fi 1,570 síwájú títí Kenneth Faried ti Morehead State fi kọjá rẹ̀ lọ́dún 2011 pẹ̀lú 1,673.

Bẹ́ẹ bá fẹ́ mọ ikọ̀ tó mọ rebound gbà, ẹ má ka iye lásán. Ká sọ pé Zaria pàdé Jos ní NUGA, ìdíje àwọn yunifásítì Nàìjíríà. Ogójì bọ́ọ̀lù Zaria ni kò wọlé, Zaria fúnra rẹ̀ mú 14 padà nínú rẹ̀, Jos kó 26 tó kù. Ogún ti Jos ni kò wọlé, Jos mú 5 padà, Zaria kó 15. Ẹ ro ó pọ̀: Jos 31, Zaria 29. Wọ́n á kọ ọ́ síta pé Jos ló gba rebound jù. Irọ́ pátápátá. Zaria mú ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún bọ́ọ̀lù tirẹ̀ tí kò wọlé, Jos mú ìdá 25 péré. Jos kàn rí bọ́ọ̀lù púpọ̀ kó ni, nítorí Zaria ò mọ̀ ọ́n jù. Bí ikọ̀ yín bá ń mú nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́wàá àwọn tí ẹ jù tí kò wọlé, ẹ wà láàárín ẹgbẹ́; bó bá dé mẹ́rin, àwọn tó ń gbá yín á máa sá.

Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n ń dárúkọ, Bill Russell ni mo gbé ga jù. University of San Francisco ló ti gbá a, wọ́n gba ife lọ́dún 1955 àti 1956. Rebound 20.3 ló ń gbà ní eré kan ní gbogbo àkókò rẹ̀ níbẹ̀, ó sì gba 27 nínú àṣekágbá 1956 tí wọ́n fi na Iowa. Wọ́n fẹ àyè abẹ́ apẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 12 nítorí irú eré tirẹ̀. Àwọn tó sọ pé fífò lásán ni Russell mọ̀, kí wọ́n lọ wo àwòrán eré àtijọ́ yẹn: ó ti máa ń wà níbi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ kí àwọn yòókù tó gbé ẹsẹ̀.

Tí a bá ń wá ẹ̀rí pé gíga nìkan kọ́, Charles Barkley nìyẹn. Wọ́n kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 6 ni, òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun ò tó bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta tó lò ní Auburn, òun ló ń ṣíwájú líìgì wọn nínú rebound ní ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdí! Ẹni tó bá fi ìdí kan lára Barkley á mọ̀ pé òun ti kan ògiri. Wes Unseld ti Louisville náà, ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 7, òun ni mo máa ń ní kí àwọn ọ̀dọ́ wò fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rebound: kí ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀ tán ló ti ń wo ẹni tó máa ju bọ́ọ̀lù sí lápá kan pápá. Láàárín àwọn obìnrin, Courtney Paris ti Oklahoma gba 2,034 láti 2005 sí 2009. Àwọn tó ń gbé D'Tigress, ikọ̀ obìnrin Nàìjíríà, gẹ̀gẹ̀ yẹ kó mọ orúkọ yẹn dáadáa.

Ẹ̀jẹ̀ Nàìjíríà náà wà níbẹ̀ lẹ́yìn Olajuwon. Emeka Okafor, tí ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀, gba rebound 15 àti àmì 24 nínú àṣekágbá 2004 tí Connecticut fi na Georgia Tech. Okafor kì í fò jù. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀: ó máa ń yan ẹni tó máa sé kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ jù ú.

Síbẹ̀ ọ̀dọ̀ Olajuwon ni mo máa ń padà sí, torí òun la fi rí i kedere pé ẹ̀kọ́ ni rebound. Ó ti ṣọ́ gólì nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó ti gbá bọ́ọ̀lù ọwọ́, kó tó mọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé Houston, nǹkan bíi 6 ló ń gbà ní eré kan ní sáà àkọ́kọ́. Ní sáà 1983 sí 1984, 13.5 ni, kò sì sí ẹni tó jù ú lọ ní gbogbo yunifásítì ìpele kìíní. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín? Moses Malone ni. Malone tí kò lọ yunifásítì rárá, tó ti ilé ẹ̀kọ́ girama bọ́ sínú iṣẹ́ bọ́ọ̀lù, ló ń bá a gbá a nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Fonde Recreation Center ní Houston. Àgbà tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìdí gbàyè ju ẹnikẹ́ni lọ ń gbún ọmọ Èkó káàkiri abẹ́ apẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn ẹlẹ́sìn Islam láàárín wa mọ èyí tó tẹ̀ lé e: ní oṣù Kejì 1995, ó ń gba ààwẹ̀ Ramadan, ó ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì fún un ní agbábọ́ọ̀lù oṣù náà ní NBA. (Nígbà tí ààwẹ̀ bá bọ́ sí oṣù Kẹta, eré alẹ́ àwọn yunifásítì máa ń bá wa lórí sààrì. Ẹni tó bá jí jẹun, kó tan íntánẹ́ẹ̀tì.)

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ohun tí ẹ ń rí lórí eré Amẹ́ríkà, nítorí òfin ò dọ́gba. Ní NCAA, bí bọ́ọ̀lù bá ṣì wà lókè irin gangan, ẹnì kankan ò gbọdọ̀ kàn án. Lábẹ́ FIBA, tí a ń lò ní Nàìjíríà, bí bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù bá ti kan irin, ẹnikẹ́ni lè gbá a dànù tàbí kó tì í wọlé. Àwọn ọmọ tó gbọ́njú mọ́ fídíò NCAA máa ń dúró wò ó bó ṣe ń jó lórí irin, ẹni tó mọ òfin á kàn gbá a kúrò. Bákan náà, tí ikọ̀ tó jù ú bá gba rebound tirẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 20 ni wọ́n ń fún àwọn ọkùnrin NCAA, 14 ni FIBA ń fún wa. Ìlà free throw náà yàtọ̀: mẹ́rin ló ń ṣọ́lé lọ́dọ̀ wọn, mẹ́ta lọ́dọ̀ wa, àwọn méjì tó ń wá rebound ò yí padà. Mẹ́ta sí méjì, ó dà bíi pé àǹfààní wà, àmọ́ ẹ wo ẹni tó ju free throw fúnra rẹ̀. Ta ló ń sé òun? Bí kóòṣì ò bá dárúkọ ẹnì kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ṣe é.

Houston ṣì ń jẹ Houston títí dòní. Kelvin Sampson tó ń kọ́ wọn láti 2014 máa ń fi ìdérí oníke bo ẹnu irin nígbà ìdánrawò kí bọ́ọ̀lù kankan má lè wọlé, kí gbogbo ìjù di rebound. Wọ́n dé àṣekágbá 2025, Florida sì fi àmì méjì péré jù wọ́n, 65 sí 63. Àmì méjì náà ni ti 1983.

Ẹ ò nílò ìdérí yẹn. Kóòṣì tó bá mọ bọ́ọ̀lù jù mọ irin tó. Ẹ kó mẹ́ta dojú kọ mẹ́ta sínú àyè abẹ́ apẹ̀rẹ̀, kí kóòṣì dúró ní kọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ní ẹ̀gbẹ́, lẹ́yìn náà níwájú, kó ju márùn-ún níbi kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má wọlé. Kí olùrànlọ́wọ́ kan dúró lẹ́yìn pátákó, kó má wo bọ́ọ̀lù rárá, ìdí àwọn mẹ́ta tó ń ṣọ́lé nìkan ni kó máa wò. Rebound tí wọ́n bá gbà, àmì kan. Ẹnikẹ́ni nínú wọn tí kò bá fi ìdí kan èèyàn kí bọ́ọ̀lù tó kan irin, àmì méjì kúrò, kódà bó jẹ́ òun gan-an ló gba bọ́ọ̀lù. Ọmọ yẹn á pariwo pé, "Kóòṣì, ṣebí ọwọ́ mi ló wà!" Ẹ yọ àmì méjì yẹn.